Lẹ́tà sí Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lórí ọ̀rọ̀ Hilux

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí iṣẹ́ tó o rán sí mi, mo sì ti wo àwòrán ọkọ̀ náà dáadáa. Hilux funfun ni, wọ́n ní ti ọdún 2017, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 1GD onílítà 2.8 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ín ní òun á gba ti ọwọ́ rẹ, kó o wá fi owó lé e. O ní kọpuréètìfù yín ti gbà láti yá ọ lówó, èmi nìkan lò ń dúró dè. Mo kọ èsì mi sí gbangba torí kì í ṣe ìwọ nìkan lo ń bi mí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń fi píkàpù kẹ́rù láti oko wá sí Ọjà Wáàsò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló ti da ìbéèrè yìí sílẹ̀ níwájú mi.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró: má tíì ṣe é. Tún 5L ọwọ́ rẹ ṣe dáadáa, ìyẹn Hilux àtijọ́ ẹlẹ́ńjìnnì 5L tí bàbá rẹ fi sílẹ̀, kó o sì fi owó kọpuréètìfù sílẹ̀ ná.

Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu 1GD o. Ẹ́ńjìnnì gidi ni. Láti ìgbà tí Toyota ti gbé e jáde ní 2015 ni mo ti ń kà nípa rẹ̀. 5L tìrẹ, lítà 3.0 ni, kò ní tọ́bò, agbára tó fi ń yí táyà kò ju nǹkan bí 200 Nm lọ. 1GD kéré sí i ní lítà, síbẹ̀ èyí tó ní gíà ọtọmátíìkì ń yọ 450 Nm. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ. Tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú rẹ̀, injector rẹ̀ sì ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì bí ìkúùkù, ó ń fọ́n ọn léraléra kí písítìnì tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń rú èéfín dúdú, tí kì í sì í pariwo. Bó o bá di gaari kún un tó o dojú kọ Bódìjà, kò ní máa kérora lórí òkè. Bákan náà, ṣéènì ló ń yí inú rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì bíi ti 5L tó yẹ kéèyàn máa pààrọ̀ ní gbogbo 100,000 kìlómítà.

Àmọ́ ohun tó fún un lágbára yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù nítorí ìwọ.

Nọ́súlù tó wà lórí 5L rẹ, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì, nǹkan bí 150 bar ló fi ń ṣí. Kó o lè mọ bí ìyẹn ṣe tó, afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà rẹ, bar méjì sí mẹ́ta ni. Ti 1GD ju 1,500 bar lọ. Ihò tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà jáde lẹ́nu injector rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i dáadáa. Bí omi tàbí iyanrìn bá gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú irú agbára bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń họ irin. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ kalibirésọ̀n, ìyẹn títún pọ́ńpù dísẹ́ẹ̀lì ṣe àti yíyí i sí bó ṣe yẹ, ohun tí mo ń bá jù nínú pọ́ńpù táwọn èèyàn ń gbé wá ni ìpẹtà, omi ló sì ń fà á. Bí omi bá ba pọ́ńpù 5L jẹ́, a óò tú u, a óò pààrọ̀ ohun tó jẹ, a óò gbé e sórí ẹ̀rọ, a óò sì fi ọwọ́ yí i títí yóò fi fọ́n bó ṣe yẹ. Ọmọ iṣẹ́ mi tó gba ṣọ́ọ̀bù ń ṣe é títí dòní. Injector 1GD kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú bíréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ìbàdàn tàbí Èkó lò ń gbé e lọ nìyẹn, ọkọ̀ á wà nílẹ̀, ẹ̀gẹ́ á sì máa bàjẹ́ lóko.

Níbo wá lo ti ń ra dísẹ́ẹ̀lì? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi. Bó o bá ti kọjá Ìkòyí-Ilé tó o kọrí sínú àwọn abúlé, inú kẹ́ẹ̀gì ni. Ẹni tó ń tà á rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, òjò ń rọ̀ sórí dúrọ́ọ̀mù. Nígbà míì wọ́n ti bu kẹrosín-ìn sí i, nígbà míì ó jẹ́ èyí tí wọ́n sè nínú igbó lápá Gúúsù. 5L ń mu ún, inú rẹ̀ lè dàrú, ó ṣì máa gbé ọ dé ilé. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ti ọwọ́ rẹ sì tún jẹ́ 5L lásán, kì í ṣe 5L-E tó ń fi iná ṣàkóso pọ́ńpù. Má fojú kéré ìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ kò ní sọ fún ọ àfi tó o bá béèrè. Bí Hilux náà bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti òkè òkun, ó lè ní fílítà kan lára sàlẹ́ńsà tí wọ́n ń pè ní DPF. Ó ń gba èédú inú èéfín mọ́ra, bí ọkọ̀ bá gbóná dáadáa lójú ọ̀nà gígùn á sì fúnra rẹ̀ sun ún dànù. Wọ́n ṣe é fún dísẹ́ẹ̀lì bíi ti Yúróòpù, tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 10 ppm (ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan) lọ láti 2009. Dísẹ́ẹ̀lì inú dúrọ́ọ̀mù àti eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ inú oko kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ní Ọsirélíà pàápàá, tí ọ̀nà wọn dára, ilé ẹjọ́ dájọ́ ní 2022 pé ètò DPF lára àwọn Hilux, Fortuner àti Prado onídísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tà láti Oṣù Kẹwàá 2015 sí Oṣù Kẹrin 2020 ní àbùkù. Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní 260,000. Níbí, ṣe ni wọ́n ń gé e kúrò, tí wọ́n á sì fi kọ̀ǹpútà tan bíréènì-bọ́ọ̀sì jẹ. Bí ẹni tó gé e kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ìwọ tó o rà á ni yóò máa bá a jìjàdù.

Mẹkáníìkì rẹ tún dá a lábàá pé kẹ́ ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì 2KD tòkunbọ̀, dísẹ́ẹ̀lì Toyota míì tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ní Gate, Ìbàdàn, kẹ́ ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tó wà nílẹ̀. Má gbà. Ẹ óò wá wáyà rẹ̀, bíréènì-bọ́ọ̀sì rẹ̀, pẹ́dà ìtẹná rẹ̀ àti ibi tí ẹ óò gbé intercooler, tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, sí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò ní bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu, àfi tẹ́ ẹ bá lọ yí ìwé. Hilux oníbẹntiróòlù lítà 2.7 ńkọ́? Ó dára, kò sì ṣòro tún ṣe, ṣùgbọ́n bó bá ti rù, ó ń mu epo gan-an, owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù sì ti lọ láti 29 Oṣù Karùn-ún 2023. Gaari kò lè san owó epo yẹn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ míì wà nínú rẹ, Àkànní. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń sọ pé ọkọ̀ olóògbé lò ń wà kiri. Ìyá rẹ ní tìwọn, wọn ò fẹ́ kí ohun tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ kúrò nínú ọgbà. Mi ò fẹ́ kí èyíkéyìí nínú méjèèjì darí rẹ. Bàbá rẹ kì í di irin mú. Kí wọ́n tó ra Hilux yẹn, píkàpù Peugeot 504 ni wọ́n ń wà, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Kàdúná ni wọ́n ti ń to Peugeot nígbà náà, kò sí abúlé téèyàn ò ti rí ẹni tó mọ inú rẹ̀. Nígbà tí Hilux dé, tí gbogbo èèyàn ń sáré, ẹ̀gbọ́n mi dúró. Wọ́n á wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á bi mí pé mẹkáníìkì mélòó ní Tákíé àti Sábó ló ti lè tú u, pé ṣé pátì rẹ̀ ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin ni wọ́n ti ń rà á. Ọjọ́ tí èsì mi tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n ta 504, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Mo fẹ́ kó o béèrè irú ìbéèrè yẹn nípa 1GD. Lọ́wọ́ yìí, lójú ọ̀nà tí ìwọ ń rìn, èsì rẹ̀ kò tíì dára tó.

O ní ọkọ̀ náà kì í gun òkè mọ́ bó bá rù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Hilux, àtìgbàanì àti tuntun, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe é láti rù. Mo ti rí bó o ṣe ń di ẹ̀gẹ́, kò sí bó ṣe jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ẹ́ńjìnnì tuntun á fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní fi nǹkan kan kún sípírìngì, kò ní fi kún búréèkì, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sì wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí búréèkì bá já lé lórí. Dín ẹrù kù kó o lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ru ìwọ̀n tirẹ̀ la óò tó mọ̀ bóyá agbára rẹ̀ ti lọ lóòótọ́.

Èrò tèmi ni pé pọ́ńpù ló ti rẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó kàn án látìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Wò ó, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn kómpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Bó bá ṣì lágbára, a kò ní tú ẹ́ńjìnnì rárá. A óò ṣe pọ́ńpù àti nọ́súlù, a óò pààrọ̀ bẹ́líìtì, a óò sì fọ rédíétọ̀. Ti rédíétọ̀ yẹn ká mi lára. Tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, àwọn ẹ́ńjìnnì L bíi 5L yìí kì í fara da ooru, ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá hó gidi lè sán an. Lẹ́yìn náà, kí a fi fílítà tó ń ya omi sọ́tọ̀ sí i, èyí tí ìdí rẹ̀ mọ́ gaara, tí wàá lè máa rí omi kó o sì tú u dànù ní àárọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì kẹ́ẹ̀gì, jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì kó o tó rọ ọ́, má sì da ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí i. Gbogbo èyí kò tó ìdá kékeré nínú owó tí wọ́n fẹ́ yá ọ.

Nígbà wo ni màá ní kó o rà á? Bí ìrìn rẹ bá yí padà, tó jẹ́ pé Bódìjà lò ń ná lọ́pọ̀ ìgbà, tó jẹ́ ilé epo kan tó o mọ̀ lo ti ń rọ dísẹ́ẹ̀lì lórí títì. Ìgbà yẹn, èmi fúnra mi ni màá bá ọ lọ wò ó. A óò dé ibẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó tan ọkọ̀ náà, ká lè gbọ́ bó ṣe ń jí nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. A óò ṣí ìdérí ọ́íìlì ká wo bóyá ó ń fẹ́ èéfín síta, a óò fi kọ̀ǹpútà síkáànì rẹ̀ ká mọ àṣìṣe inú rẹ̀, a óò sì bẹ abẹ́ rẹ̀ wò ká mọ̀ bóyá DPF ṣì wà níbẹ̀ tàbí wọ́n ti gé e.

Sọ fún ẹni tó ni Hilux funfun pé kó má dúró dè ọ́. Lẹ́yìn náà, gbé ọkọ̀ bàbá rẹ wá sí Tákíé lọ́jọ́ Sátidé, láìkó nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀. Màá ti sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi kó fàyè sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Kí ìyá rẹ, kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
àbúrò bàbá rẹ.