Ìwúwo irin nìkan kọ́ ni agbára rẹ̀

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ike là ń tún ṣe ní Láfẹ́ńwá. Ó ń dùn mí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣì gbà pé, nínú irin pẹlẹbẹ tó ń di mọ́ọ̀dù (irin oníhò tí ike yíyọ́ ń gba ìrísí nínú rẹ̀) mú, èyí tó wúwo jù ni kì í tẹ̀. Irọ́ ni! Bí irin bá nípọn ní ìlọ́po 2, ìlọ́po 8 ni yóò fi le sí i. Bí irin ṣe jìn tó láti iwájú dé ẹ̀yìn ló ń fún un lágbára ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ dín ìnípọn irin pẹlẹbẹ náà kù, kí ẹ jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí egungun ìhà. Alumíníọ̀mù fúyẹ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ju irin lọ ní ìlọ́po 3. Ó gbọ́dọ̀ nípọn sí i. Bí àárín irin pẹlẹbẹ náà bá tẹ̀ díẹ̀ péré, ike yíyọ́ á jò gba ẹnu mọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò yìí.

Atúnrọṣe kan, Abẹ́òkúta