Fọlákẹ́, ìdáhùn ìbéèrè tó o bi mi lórí ọ̀rọ̀ Dàpọ̀

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo gbọ́ vóísì nóòtì ẹ, inú mi dùn gan-an pé físà Dàpọ̀ ti jáde, Leeds níbí ní England náà ló sì ń bọ̀, mo wà ńlẹ̀ dè é. Àmọ́ ìbéèrè tó o bi mi yẹn kọjá ohun tí mo lè fi WhatsApp dáhùn. O ní ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n ń sọ yìí, àbí àwọn tí ò mọ̀wà hù ló ń rí i, pé Dàpọ̀ tó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ ò ní níṣòro.

Jọ̀ọ́, má fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ọmọ yẹn lórí. Àwọn èèyàn wa níbí náà ń sọ ọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìkómọ, wọ́n á ní tó o bá ti rọra ṣe, tó o san táàsì ẹ, tó ò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, kò sóyìnbó tó máa yọ ẹ́ lẹ́nu. Irọ́ ni o.

Jẹ́ n sọ ti David Olúwálé fún ẹ. Ọmọ wa ni, Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1930, ó sì máa ń dùn mí pé nílé lọ́hùn-ún agbára káká la fi máa rẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, ó gúnlẹ̀ sí ìlú Hull ní England ní 1949, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọjọ́ 28 torí pé kò sanwó ọkọ̀, ìgbà tó jáde ló wá sí Leeds, ó ń ṣiṣẹ́ lébìrà. Ní 1953 gbọ́nmi-si-omi-ò-to kan ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá mú un, wọ́n tún fi í sẹ́wọ̀n, láti ibẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ, ọdún mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ, Fọlákẹ́! Ẹni tó jáde kì í ṣe ẹni tó wọlé mọ́. Iṣẹ́ ò dúró lọ́wọ́ ẹ̀, ilé náà ò sí, torí nígbà yẹn onílé lè là á mọ́ ẹ lójú pé òun ò gba aláwọ̀ dúdú, títí di 1968 òfin ò lè mú un sí i. Bó ṣe di ẹni tó ń sùn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù láàárín ìgboro nìyẹn.

Àwọn ọlọ́pàá méjì kan, Kitching àti Ellerker tó jẹ́ ọ̀gá, wá fi í ṣe eré òru. Wọ́n á wá a kàn níbi tó sùn sí, wọ́n á lù ú, wọ́n tọ̀ sí i lára, wọ́n á fi mọ́tò gbé e lọ já a jù sẹ́yìn ìlú lóru kó máa fẹsẹ̀ rìn padà. Nínú ìwé ọlọ́pàá, níbi tó yẹ kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè ẹ̀ sí, èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ní May 4, 1969 wọ́n rí òkú ẹ̀ nínú odò Aire ní Leeds níbí. Wọ́n sin ín mọ́ àwọn aláìní míì nínú sàréè kan náà, ó parí, àfìgbà tí ọlọ́pàá kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ gbọ́ tí àwọn ọ̀gá ẹ̀ ń rojọ́ ẹ̀, tó lọ tú u síta ní 1970. Ní 1971 wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sí kóòtù, adájọ́ ní kí wọ́n fa ẹ̀sùn pé àwọn ló fa ikú ẹ̀ yọ, lílù nìkan ni wọ́n dá wọn lẹ́bi fún, ọ̀gá gba ọdún mẹ́ta, èkejì gba oṣù 27.

Mo mọ̀ pé wàá ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní April 25, 2022 wọ́n lẹ àmì ìrántí mọ́ afárá Leeds Bridge fún un, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tí wọ́n fi jí i lọ. Tiwa tá à ń wáṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Nuffield College ní Oxford gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde ní 2019, wọ́n kọ CV ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ lóríṣiríṣi, ìwé ẹ̀rí kan náà, ìrírí kan náà, ìran tí ẹni tó ni orúkọ ti wá nìkan ló yàtọ̀. Èyí tó ní orúkọ Nàìjíríà ní láti kọ̀wé ju ti òyìnbó lọ pẹ̀lú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó dá a lóhùn bákan náà, ìyẹn ni pé tí òyìnbó bá kọ 10, tiwa á kọ 18. Ìwé lásán ni o. Kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò pariwo lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì. Ìwà wo ni ìwé yẹn hù?

Ní August 2024 náà, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọbìnrin kékeré mẹ́ta ní Southport, tí irọ́ wá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pé àjèjì tó wọkọ̀ ojú omi wá ló ṣe é, àwọn jàǹdùkú dá mọ́tò dúró ní ìlú Middlesbrough níbí, wọ́n ń bi awakọ̀ bóyá òyìnbó ni. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó san táàsì. Ọ̀sẹ̀ yẹn méjì-méjì là ń rìn lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá dúró ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù.

Níbi iṣẹ́ tèmi, ìyá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ní kí n má fi ọwọ́ dúdú kan òun. Òun ò tiẹ̀ dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tí mo lọ bá tó ní arúgbó ni jàre, tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, òun gan-an ló dùn mí, torí ohun tí wọn ò bá kọ sílẹ̀, tó bá dọ̀la wọ́n á ní kò ṣẹlẹ̀ rí.

Mi ò sọ pé gbogbo òyìnbó ló burú o. Ní August 7, 2024 yẹn kan náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jáde sí títì láti dá àwọn jàǹdùkú yẹn lẹ́kun. Àtòyìnbó àtèèyàn dúdú ló jà fún orúkọ Olúwálé títí tí wọ́n fi sọ afárá kan lórúkọ ẹ̀ ní 2023, Yínká Shóníbárẹ́, oníṣẹ́ ọnà, sì mọ ère òdòdó ńlá kan fún un síbí lọ́dún kan náà, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, ó rẹwà. Wọ́n tún àmì ìrántí yẹn ṣe padà náà.

Ní ti Dàpọ̀ tó fẹ́ máa kọ Daniel sórí CV, kó rò ó dáadáa. Ṣebí David ni wọ́n ń pe Olúwálé. Kó kọ orúkọ ẹ̀ pé, kó fi CV náà ránṣẹ́ sí mi kí n bá a wò ó, tó bá ti ríṣẹ́ kó wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn náà, tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ̀sọkúsọ sí i kó kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ kó tó sùn. Kó má sì ra kóòtù òtútù nílé o, owó ẹ̀ ò dáa, a jọ máa rà á níbí.

Bá mi kí Mọ́mì àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Bùkọ́lá