Píánò Akin Euba Kì í Ṣe Ọ̀tá Ìlù

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti sọ pé kò sí ohun tó kan Yorùbá nínú píánò, àti pé àwọn òbí tó ń sanwó fún olùkọ́ píánò ì bá kúkú mú ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ onílù. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi tako ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 26 ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní píánò nílùú Ìbàdàn, ohun tó sì dùn mí jù ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ náà títí dé òpin, n kò rí orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba níbẹ̀, ẹni tó fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ so píánò àti ìlù pọ̀.

Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1935. Bàbá rẹ̀, tó máa ń fọn fèrè clarinet, ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní píánò. Ní 1952 ó lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ píánò àti orin kíkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba oyè Fellow, oyè gíga ilé ẹ̀kọ́ náà, nínú méjèèjì. Ẹni tó bá mọ iye wákàtí tí irú oyè bẹ́ẹ̀ ń gbà lójúmọ́ kò ní sọ pé nítorí pé píánò òyìnbó le fún un ni ó ṣe yà sídìí ìlù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tí ó fi píánò náà ṣe. Bí a bá ṣí ìdérí píánò, òòlù kéékèèké ni a óò rí nínú rẹ̀; bí ìka bá ti tẹ pákó, òòlù á na wáyà, ohùn á sì jáde. Ohun tí a ń lù ni píánò, Euba sì lù ú. Nínú ọ̀nà tí ó pè ní African pianism, ọwọ́ kan lè máa tún ìlù kan náà lù láìyẹsẹ̀ bí omele, kí èkejì sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ìyáàlù. Ní 1963 ó kọ Igi Nla So fún píánò àti àwọn ìlù Yorùbá. Nínú Scenes from Traditional Life, tó kọ ní 1970, ó to ohùn 12 orí píánò lọ́nà tí Schoenberg, òǹkọ̀wé orin ọmọ Austria, là sílẹ̀ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìlù wa ni orin náà fi ń rìn. Mo gbà pé píánò kò lè yí ohùn bí dùndún ṣe ń yí i nígbà tí onílù bá fún okùn awọ rẹ̀ mọ́ra. Síbẹ̀, ọkùnrin tí ẹ̀kọ́ píánò gbé dé Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ni ó padà wá jókòó ti àwọn ọmọ Àyàn, orí orin dùndún ni ó sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana, Legon, ní 1974.

Ó kọ́ni ní Èkó àti ní Ifẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Bayreuth ní Jámánì, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ó papò dà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó pé ọdún 85.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo kọ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún 16 kan ní apá kan nínú Scenes from Traditional Life fún ayẹyẹ òpin ọdún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ó fi ṣe é. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn aláṣẹ ní kí a fi orin Mozart rọ́pò rẹ̀, nítorí pé àwọn òbí yóò rò pé ọmọ náà ń ṣi ohùn tẹ̀. Mo gbà fún wọn, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ di òní. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọ náà tẹ orin Euba náà fún bàbá rẹ̀ àgbà nílé, bàbá arúgbó tí kò jókòó nídìí píánò rí. Bàbá gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n na ìka sí ọwọ́ òsì ọmọ náà, wọ́n ní, “Omele nìyẹn.”

Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ojú ewé kan yẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Euba sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin tó ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kejì lọ sọ́dọ̀ àwọn òǹkàwé yín: ẹ̀dà ìwé orin Scenes from Traditional Life tó wà lọ́wọ́ mi, èyí tí Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1975, ti gbó, ojú ewé méjì sì ti fàya kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òmíràn tí ó fẹ́ tà, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín, n óò wá rà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ píánò kan, Ìbàdàn.