Ẹ má ní kọ́mọ yín dúró kílẹ̀ mọ́ kó tó gun òkè yìnyín

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà tẹ́nì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní káwa òbí tọ́mọ wa wà lókè òkun máa kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n yé jáde lóru lọ gun òkè, pé tó bá tiẹ̀ di dandan kí wọ́n jẹ́ kílẹ̀ mọ́ dáadáa ná. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́, bàbá lèmi náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn lè pa èèyàn, mi ò lè dákẹ́. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú Òde, òótọ́ ni, ẹni tó bá fẹ́ rìn lóru a máa kìlọ̀ fún un. Ti òkè yìnyín ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọmọ mi obìnrin wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà, ó ti di ara àwọn tó ń gòkè, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa bi í ní ìbéèrè títí ó fi yé mi. Òkè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Quandary Peak, nítòsí Breckenridge, ó ga ju mítà 4,340 lọ, bẹ́ẹ̀ Chappal Waddi tó ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Ní ìhà gúúsù ẹ̀, ọ̀nà tóóró kan wà láàárín àpáta, yìnyín ló kún inú ẹ̀, Cristo Couloir ni wọ́n ń pè é. Ó dagẹ̀rẹ́ gan-an, téèyàn bá yọ̀ níbẹ̀ tí ò tètè fi àáké tí wọ́n fi ń gun yìnyín dá ara ẹ̀ dúró, ìsàlẹ̀ ló ń lọ yẹn.

Nínú oṣù karùn-ún, tí òtútù wọn bá ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀, oòrùn á yọ́ yìnyín yẹn lọ́sàn-án, òru á tún mú un dì, bíi píọ̀ wọ́tà inú fírísà tí NẸ́PÀ ń mú iná lọ mú iná wá, títí gbogbo ẹ̀ á fi lẹ̀ pọ̀ gan-an. Lóru ó le, irin eléyìín tí wọ́n so mọ́ bàtà á wọlé dáadáa. Mo rí i nínú fídíò tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: iná iwájú orí ẹ̀ ò tàn kọjá ibi tẹ́sẹ̀ máa tẹ̀, á ta ṣóńṣó bàtà mọ́ yìnyín lẹ́ẹ̀mejì, gbì gbì, á gún àáké mọ́lẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, èémí ẹ̀ sì ń dún ju ohùn ẹ̀ lọ torí atẹ́gùn ibẹ̀ fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n tóòrùn bá ti mú un, àti pé ìhà gúúsù tètè ń gba oòrùn, yìnyín á rọ̀, ẹsẹ̀ á máa rì dé orúnkún, omi á máa wọ abẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ lè ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òkúta tí yìnyín dì mú lókè náà á máa já bọ́, inú ọ̀nà tóóró yẹn kan náà ló sì ń gbà, níbo lèèyàn máa yà sí? Ìdí tí wọ́n fi ń gbéra láago méjì òru nìyẹn, kí wọ́n lè dé orí òkè kí wọ́n sì ti máa sọ̀ kálẹ̀ kí oòrùn tó mú. Tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú tí yìnyín ò dì, ẹni tó gbọ́n á padà sílé ni.

Nítorí náà ẹ̀yin òbí, ohun tẹ́ ẹ máa bi ọmọ yín ni pé ṣé yìnyín dì lálẹ́ àná, ṣé ó ti wo ohun tí Colorado Avalanche Information Center, àjọ tó ń kìlọ̀ nípa yìnyín tó lè ya wálẹ̀, sọ nípa ọjọ́ yẹn, aago mélòó ló máa yí padà kódà bí ò tíì dé orí òkè. Aago méjì òru wọn lóṣù yẹn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni n'Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pè wọ́n nígbà yẹn kẹ́ ẹ wá máa gbàdúrà gígùn lórí fóònù, ẹ gbà á fún wọn kí wọ́n tó sùn.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ojú ìwé tí lẹ́tà ọjọ́sí wà náà ni kẹ́ ẹ fi èyí sí, kó sì jáde kí oṣù karùn-ún tó wọlé.

Bàbá kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn