Kì í ṣe ìwọ̀sí ni tí kóòṣì bá ní kẹ́ ẹ dákẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwa tá à ń kọ́ èèyàn ní eré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, pé ọmọdébìnrin kan gbé maikirofóònù sẹ́nu ó ní kí ìyàwó àwọn panu mọ́ níwájú gbogbo èèyàn, àtìgbà náà màmá ò sì lọ mọ́. Èmi kọ́ ni ọmọ yẹn o, kí n tètè yáa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nídìí ẹ̀, pápá ìṣeré Sùúrùlérè l'Ékòó ni mo ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn oníkíìpù-fíìtì kí n tó kó wá sí Ìbàdàn, mo sì mọ̀ pé àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá ni bàbá wa ṣe yìí.

Ọmọ yẹn jẹ̀bi, mi ò ní gbè é. A kì í fi sípíkà bá àgbà wí. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi bàbá léèrè, kí ni màmá ń sọ, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n sì ti fi ń sọ ọ́ kí sùúrù ọmọ yẹn tó tán?

Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì tó ń wò wá lè rò pé ijó lásán là ń jó, fújì ń dún, a ń ju apá, a ń ju ẹsẹ̀. Kíkà ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Mẹ́jọ mẹ́jọ la máa ń ka ìlù yẹn, tí mo bá sì fẹ́ ká yí, màá ti pariwo ẹ̀ ṣáájú, "ọ̀tún ló kàn o, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì", kí gbogbo wa lè jọ yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ò bá gbọ́ "ọ̀tún" á gba òsì lọ, òun àti ẹni tó ń bọ̀ á pàdé. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún tó kọjá. Àwọn màmá méjì kan ní láìnì kejì ń sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, wọ́n ti sọ ọ́ débi pé ẹni tó gbowó ò gbé fóònù mọ́, èmi náà tiẹ̀ ti ń gbádùn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí n má purọ́, àṣé obìnrin kan lẹ́yìn wọn ò gbọ́ mi rárá, ó kọ lu ẹnìkejì ẹ̀, ó ṣubú, ó fọwọ́ tilẹ̀, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Kò sọ nǹkan kan fún àwọn màmá yẹn. Èmi ló bínú sí.

Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ya odi o. Ọ̀rọ̀ sísọ gan-an la fi ń mọ bí eré yẹn ṣe wọra tó. Tó o bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó ò lè kọrin, ó mọ níwọ̀n nìyẹn, tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta péré lo lè sọ kó o tó máa mí hẹlẹhẹlẹ, ó ti le nìyẹn. Ẹni tó bá wá lè ròyìn ìgbéyàwó láti ìdána títí dé ibi tí ìrẹsì ti tán, onítọ̀hún ò tíì bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá kankan, ńṣe ló wá kí wa. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó kéré tán kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe èyí tó mọ níwọ̀n yẹn, tiwa láàárọ̀ Sátidé sì jẹ́ 60 péré, tí aṣọ ẹbí bá tún gba 30 nínú ẹ̀ ńkọ́?

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ọjọ́ orí. Ẹni ọdún 34 ni mí. Ẹni tó máa ń da kíláàsì rú, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n ju ìyá mi lọ, àwọn kan tiẹ̀ mọ ìyá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá fi "ẹ jọ̀ọ́" mẹ́ta síwájú tí mo fi "mà" mẹ́ta sẹ́yìn, "panu mọ́" náà ni wọ́n á gbọ́. Ni mo bá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mò ń yí sípíkà sókè kí n lè borí wọn, àwọn náà ń gbóhùn sókè sí i, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn 43 ni mo ní nígbà yẹn, wọ́n já sí 26. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kọ́ ló lọ o! Àwọn tó dákẹ́ ni, wọn ò sì ní sọ ohun tó lé wọn, wàá kàn rí i pé àyè wọn ṣófo. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wá sọ́dọ̀ wa tààrà ló sọ òótọ́ fún mi lórí WhatsApp, ó ní kí n má bínú, wákàtí kan ṣoṣo tóun ní fúnra òun lọ́sẹ̀ nìyẹn, òun ò lè máa fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí ẹlẹ́bí. 1,000 náírà tí màmá san náà lòun náà san.

Ní báyìí, mi ò fi maikirofóònù dá ẹjọ́ kankan mọ́. Tí mo bá gbọ́ ohùn, màá sọ̀ kalẹ̀ níwájú, màá máa ka lọ, màá jó lọ bá wọn, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn báyìí, a jọ ń jó o, ọ̀rọ̀ á kàn tán fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀, ó di lẹ́yìn kíláàsì. Màá lọ bá màmá níbi mọ́tò, màá kúnlẹ̀, màá ní mà, obìnrin tó ṣubú níjelòó, wọn ò gbọ́ mi ni o, ẹ bá mi dá sí i. Mi ò ní ní wọ́n ń pariwo. Ọ̀pọ̀ á ní "ọmọ mi, mi ò mọ̀, má bínú". Ẹnì kan ṣá bínú, Sátidé mẹ́ta ni wọn ò fi wá, wọ́n wá rán ọmọ wọn wá gba owó tó kù lọ́wọ́ mi, mo kà á fún un láìjiyàn. Tá a bá pàdé ní ọjà Bódìjà báyìí, tòmátì ni wọ́n á máa wò.

Èmi náà ti ṣì í ṣe rí. Màmá kan wà, tí mo bá ní ọ̀tún wọ́n á gba òsì, wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni, lọ́jọ́ kan mo pa òwe kan tó ta bá wọn. Ọmọ wọn ló wá sọ fún mi pé etí ọ̀tún wọn ò gbọ́ran dáadáa, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún wọn ni mo gbé sípíkà sí! Ojú tì mí. Mo gbé sípíkà síwájú, ọwọ́ ni mo sì fi ń júwe báyìí kí n tó lanu.

Àwọn tó ń pẹ́ dé tí wọ́n á lọ dúró níwájú pátápátá láìtíì gbóná ara, ẹ̀yìn ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n rìn lójú kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún ná. Àwọn tó ń sá lọ gbé fóònù lójijì nígbà tó gbóná jù náà, ẹ má bínú sí mi tí mo bá ń pè yín padà, tẹ́ ẹ bá dúró gbagidi lẹ́yìn eré líle, ẹ̀jẹ̀ lè kó sẹ́sẹ̀, òòyì á kọ́ yín. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń sinmi.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí mi ò ní kúnlẹ̀ fún láyé. Bàbá tó sọ ara ẹ̀ di kóòṣì kejì, tó ń fọwọ́ tún ìdí àwọn obìnrin ṣe, tó ní ìkúnlẹ̀ wọn ò dáa, mo dá owó ẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ tó kẹ́yìn nìyẹn, ọjọ́ orí ò gbà á là. Ẹni tó ń ya fídíò àwọn obìnrin láti ẹ̀yìn náà, á pa á rẹ́ níṣojú mi kó tó jáde ní géètì. Ó wá ní ara òun lòun ń yà.

Tí bàbá wa bá ń ka èyí, ẹ bá mi kí màmá. Ẹ ní kí wọ́n padà lọ bá ọmọ yẹn lẹ́yìn kíláàsì, kóun náà kúnlẹ̀ kó bẹ̀ wọ́n, ó tọ́ sí wọn. Tí wọn ò bá sì lè wo ojú ẹ̀ mọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni tiwa ń bẹ̀rẹ̀, àyè wà ní láìnì kejì, ibi tí àwọn aláṣọ ẹbí dúró sí tẹ́lẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Àǹtí Kóòṣì, Ìbàdàn