Kí Màmá tó dé láti ọsibítù

Ìtòkò, Abẹ́òkúta.

Délé ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú òtútù. A dúpẹ́ pé Màmá ti ń dá jókòó, bí apá òsì wọn tiẹ̀ rọ. O ní kí n bá ọ wá àga onítáyà tó dáa. Jọ̀wọ́, fi owó àga yẹn sílẹ̀ ná. Bí ilé ò bá gba àga, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló máa wà, aṣọ ni wọ́n á máa sá lé e.

Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà yín, gíga gbogbo rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 54. Bíríkìlà fẹ́ da símẹ́ǹtì lé e lórí, kó di ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga máa gbà, ní mítà méjì péré, kí iṣẹ́ parí. Má gbà. Àga tó bá gun irú ẹ̀ á fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Bó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó dì í mú ò ní lè dá a dúró. Gíga sẹ̀ǹtímítà kan, gígùn sẹ̀ǹtímítà 12: ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. 54 lọ́nà 12 jẹ́ 648, mítà 6 àbọ̀ ni ká pè é. Àgbàlá yín ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àpáta la kúkú tẹ̀dó sí, ta ló rí ilẹ̀ tó tẹ́jú! Nítorí náà, kí ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, kó yí padà láàárín, kí ibi tó ti yí tẹ́jú ní mítà 1 àbọ̀ níbùú lóròó. Kó fẹ̀ tó mítà kan, kí etí rẹ̀ ga díẹ̀, kí táyà má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi irin pa á dán o. Bí símẹ́ǹtì bá ṣì tutù, kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ líle fà á ní ìbú. Òjò ò kúkú bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́.

Ìlẹ̀kùn yàrá dáa. Fífẹ̀ ti balùwẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 66 lọ. Kí kápẹ́ńtà yọ férémù, kí àyè rẹ̀ tó 80 ó kéré tán, kí ìlẹ̀kùn sì máa ṣí síta: bí Màmá bá ṣubú sẹ́yìn èyí tó ń ṣí sínú, a ò ní ráyè wọlé gbé wọn.

Páìpù tí wọ́n máa dì mú ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ọ̀tún ni kó wà, torí ibẹ̀ ló lágbára. Inú búlọ́ọ̀kù ṣófo. Bí wẹ́dà bá kàn de páìpù mọ́ ọn, ọjọ́ tí Màmá bá gbára lé e ló máa fà yọ. Kọnkéré ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dí inú búlọ́ọ̀kù yẹn, kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Sọ fún àbúrò rẹ pé ọ̀tún náà ni kó máa gbé àga sí bí Màmá bá ń kúrò lórí ibùsùn, kó sì ti bíréèkì méjèèjì. Kó má fa apá òsì wọn gbé wọn dìde láéláé: èjìká tó ti rọ tètè máa ń yẹ̀. Lóru, kó máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, kó máa yẹ ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ wò, kí ibẹ̀ má baà di egbò. Awọ tiwa kì í pọ́n bíi ti àwọn òyìnbó tó wà lọ́dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kó fi wò ó. Ibi tó bá gbóná tàbí tó le ju àyíká rẹ̀ lọ, Màmá ò gbọ́dọ̀ tún fi sùn. Kó má sì ra rọ́bà olóbìrípo tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí fún ìjókòó. Ṣe ló ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà.

Fi owó símẹ́ǹtì ránṣẹ́ kó tó di Jímọ́, bíríkìlà náà ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Láfẹ́nwá. Ní ti àga, bí Màmá bá dé, màá wọn ìbàdí wọn lórí ìjókòó, màá fi sẹ̀ǹtímítà 5 lé e. Fífẹ̀ ìjókòó tí wàá rà nìyẹn.

Èmi ni,
Kúnlé