Ẹ béèrè ohun tí fóònù yín ń gbọ́ kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀ básíkù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Básíkù ni mò ń tún ṣe ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ ló mú mi kọ̀wé, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bí básíkù ṣe ń sáré tó, àti iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń yí pẹ́dà láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọmọ LAUTECH àtàwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi básíkù ṣe eré ìdárayá lójú títì Ìlọrin ló ń kó o wá. Wọ́n á ti sanwó, wọ́n á ti ya páálí, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi pé kí n bá àwọn dè é. Bí a bá dè é tán tí fóònù kò rí nǹkan kan, èmi ni mo bà á jẹ́ nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyí fi ń bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ láìlo wáyà: ANT+ àti Bluetooth. Fóònù tó pọ̀ jù kò ní ANT+ nínú. Ẹni tó bá wá ra oní-ANT+ nìkan fún irú fóònù bẹ́ẹ̀, bí ará Sábó tó ń fi Haúsá ná màlúù fún ẹni tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ ló rí. Wọ́n lè jọ wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà básíkù, èyí tí wọ́n ń dè síwájú lára ọwọ́ básíkù, lè gbádùn ANT+ dáadáa, torí ẹ̀rọ bíi mélòó kan lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Púpọ̀ nínú àwọn oní-Bluetooth kì í dá ju ẹ̀rọ kan lóhùn: bí fóònù ọ̀rẹ́ yín bá ti kọ́kọ́ mú un, tiyín á kàn máa wá a kiri ni. Èyí tó ní méjèèjì wà lọ́jà, òun ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn mi rà. Àwọn pọ́ọ́kú kan sì wà tí kò ní ìkankan nínú méjèèjì, ojú gíláàsì kékeré tó ń fi iye hàn, tó bá wọn wá nínú páálí, nìkan ni wọ́n mọ̀.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni ti àwọn tí kò ní mágínẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ kan san owó ẹyọ kan, wọ́n ní iṣẹ́ méjèèjì ni yóò máa ṣe. Irọ́ ni. Bí a bá fi rọ́bà dè é mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà, eré ni yóò kà. Bí a bá dè é mọ́ apá pẹ́dà, yíyí ẹsẹ̀ ni yóò kà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ máa yọ bátìrì kí ẹ tún dá a padà kó tó pààrọ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì pọ̀ yóò ra méjì.

Fún àwọn básíkù onírin wa, oní-mágínẹ́ẹ̀tì ni èmi fẹ́ràn jù, èyí tó ń kà nígbàkigbà tí mágínẹ́ẹ̀tì bá kọjá níwájú rẹ̀. Apá òsì ni à ń dè é sí, nítorí ṣéènì wà lọ́tùn-ún. Mágínẹ́ẹ̀tì kan á wà lára sípóòkù ẹ̀yìn, èkejì á wà ní inú apá pẹ́dà òsì. Níbi tí ìdí ọ̀pá pẹ́dà ti yọ sínú, irin ni, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó lágbára á fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Àlàfo mílímítà 3 sí 5 láàárín mágínẹ́ẹ̀tì àti sẹ́ńsọ̀ ti tó. Àmọ́ básíkù àtijọ́ tó ń lo kọ́tà, ìyẹn pínnì tó di apá pẹ́dà mú, tí bíárì àárín rẹ̀ ti jẹ, apá pẹ́dà rẹ̀ á máa mì lọ mì bọ̀: bó bá sún síta, kò ní kà, bó bá sún sínú, yóò gbá sẹ́ńsọ̀ dànù. Ẹni tó bá ní kí n má tú bíárì, kí n ṣáà so sẹ́ńsọ̀, mo máa ń ní kó gbé e lọ síbòmíràn.

Ẹ tún wo ìwọ̀n táyà. Iye ìgbà tí táyà yí ni ẹ̀rọ náà ń kà, yóò wá fi gígùn ìyípo táyà sọ ọ́ di ìrìn. Bó bá jẹ́ 2105 mílímítà, ti táyà tẹ́ẹ́rẹ́ 700×25, ló wà nínú áàpù, tí tiyín sì jẹ́ 26×1.95, tí kò ju nǹkan bí 2050 lọ, kí ẹ tó dé Ìlọrin, ó ti bù lé ju kìlómítà kan lọ fún yín. Ẹfun ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Màá fi sàmì sí táyà níbi tó ti kan ilẹ̀, màá fi sí ilẹ̀ náà, oníbàárà á jókòó lórí ìjókòó kí táyà lè tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀, a ó tì í síwájú títí àmì á fi tún kan ilẹ̀, a ó sì na téèpù sí i.

Kékeré ló kù. Sẹ́ńsọ̀ máa ń sùn. Ẹ yí pẹ́dà kó jí kí ẹ tó wá a. Inú áàpù básíkù ni kí ẹ ti so ó pọ̀, ẹ má lọ sí ibi tí ẹ ti ń so gbohùngbohùn mọ́ fóònù. Bátìrì CR2032 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ó wà lọ́wọ́ àwọn atúnagoṣe.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ kọ ANT+ tàbí Bluetooth gàdàgbà sára ọjà yín, kí ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà fi fóònù rẹ̀ dán an wò kó tó sanwó. Èyí tí kò bá dá yín lójú nínú ọjà, ẹ gbé e wá sí ìsọ̀ mi. Mo ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ méjèèjì, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Kí ẹ ṣáà mú bátìrì tiyín dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnbásíkùṣe kan ní Tákíè,
Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété.